Ọwọ́ Fẹ̀hìntọ́lá Lórí Pẹpẹ

Ẹ̀yin òbí kíláàsì kẹrin, mo ti rí i lójú yín. Láti ìgbà tí mo ti pín káàdì èsì ìdánwò yìí ni ẹ ti ń yí i síwájú, tí ẹ ń yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Ìṣirò wà níbẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Àyè iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ṣófo, ó sì ṣófo nínú káàdì gbogbo ọmọ, títí kan ti ọmọ alága yín. N kò ṣojúsàájú fún ẹnì kankan. Bí ẹ bá fún mi ní sùúrù díẹ̀, n ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ìdí náà kò ju àlá kan lọ.

Mo lá àlá náà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lórí àga nínú kíláàsì, bírò lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Tísà tó bá ti kọ máàkì ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ooru oṣù Kẹta yóò sùn, bó ti wù kó lágídí tó.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí ohun tí a jọ mọ̀. Ní ìparí táàmù, a máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ìgbálẹ̀ la ní kí wọ́n mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ yóò délé, yóò sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yóò ní, "O ò tètè sọ!" Lọ́jọ́ kejì, ọmọ yóò gbé ìgbálẹ̀ tó gún régé wá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kàn rí títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìsọ̀ tí ẹ ti ń rà á. Èmi náà rà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ tèmi wà ní kíláàsì kẹrin. Ìsọ̀ Ìyá Arìnọ̀lá ni, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Tísà yóò fún ìgbálẹ̀ náà ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kíláàsì yóò rí nǹkan fi gbálẹ̀, tísà yóò mú mẹ́ta mẹ́rin lọ sílé, kálukú yóò sì lọ fún ìsinmi. Ọgbọ̀n ọmọ ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fẹ̀hìntọ́lá ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá ìyá rẹ̀ ń tọ́. Màmá náà ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Ó wọ́. Ìdí rẹ̀ sanra jù, orí rẹ̀ sì dorí kọ ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n pè lójú ọ̀nà. Mo gbé e sókè lójú gbogbo kíláàsì, mo ní, "Kí lèyí? Ṣé ìgbálẹ̀ ni àbí ìtẹ́ ẹyẹ?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní méjì nínú mẹ́wàá. Láti ọjọ́ náà ni Fẹ̀hìntọ́lá ti ń fi ọwọ́ sẹ́yìn. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, kò ní na ọwọ́. Bí mo bá ní kó wá kọ ọ́ sójú pátákó, yóò dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, títí n ó fi ní kó lọ jókòó. Mo rò pé oríkunkun ni. Èmi ni mo fọ́jú.

Ó dáa. Àlá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Mo wà nínú kíláàsì, mo ń pariwo ohun tí mo ti ń pariwo láti ọdún méjìlélógún: "Ẹ ká ọwọ́ yín! Ìka lẹ́nu!" Gbogbo wọn ká ọwọ́ mọ́ àyà. Nígbà tí mo ní kí wọ́n tú u, kò tú mọ́. Ọwọ́ wọn ti lẹ̀ mọ́ àyà bí àkàrà tó lẹ̀ mọ́ra nínú epo. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ nínú ara mi pé kíláàsì yóò dákẹ́ dáadáa lónìí.

Fẹ̀hìntọ́lá dìde. Apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, ó sì parí síbẹ̀ wẹ́rẹ́, láìsí ọgbẹ́, láìsí ẹ̀jẹ̀.

"Tísà, ọwọ́ mi ti lọ, mà."

Mo bi í bí ẹni tó ń bi ọmọ léèrè pẹ́ńsù. "Ibo lo gbé e sí?"

"N ò gbé e síbì kankan, mà. Wọ́n ní àwọn ò níṣẹ́ kankan ní kíláàsì yìí."

"Ṣé wọ́n gba àyè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó jáde?"

"Wọ́n na ara wọn sókè títí, mà. Ẹ ò pè wọ́n."

Mo ní bóyá èmi ni mo gbà wọ́n. Ẹ mọ̀ mí, mo máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Mo fa dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Dúrọ́ọ̀ náà gbin, ó sì la ẹnu.

"Ìyáàfin Olúgbòdé, mo ti yó," ó ní. "Ọkọ̀tọ́ mọ́kànlá, òkúta sùwé mẹ́tàdínlógún, mọ́tò tí wọ́n fi agolo sàdíìnì ṣe mẹ́rin, àti odindi ọpọ́n ayò kan tó ń gún mi níhà. Kí ni kí n fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Èmi kì í ṣeré."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," mo ní. "Ọwọ́ ọmọdé méjì ńkọ́?"

"Wọ́n kọjá níbí láàárọ̀. Wọ́n ta ayò ọpọ́n kan, wọ́n sì lọ sí ọ́fíìsì òkè. Wọ́n ní ibẹ̀ ni káàdì wọn wà. Ẹ tètè lọ o. Bí agogo ìparí bá dún tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ káàdì náà, ọwọ́ yẹn ò tún padà sára ọmọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dàgbà."

Mo ní, "Fẹ̀hìntọ́lá, jẹ́ ká lọ."

Ọ́fíìsì òkè kì í gbé orí ilẹ̀. Ó ń léfòó lókè pápá ìṣeré wa, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi góòlù kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí ìlú ẹlòmíràn. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ń léfòó bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó jìnnà sí i díẹ̀, bí ẹni tó mọ ipò ara rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì tó pọ̀ láyé mi, kò sì sí èyí tí ọwọ́ mi tó rí.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, àwọn ìgbálẹ̀ tó wà ní igun kíláàsì ti tò tẹ̀lé wa. Ọgbọ̀n tó gún régé ló ṣíwájú, wọ́n ń rìn bí ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sí àsẹ́ńbílì. Èyí tó wọ́ ló gbẹ̀yìn, ó ń tiro.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?" mo bi wọ́n.

"Ẹlẹ́rìí ni wá, mà," ni wọ́n wí.

Kò sí àkàsọ̀ tí a lè bá gòkè. Sùwé ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà sójú òfuurufú, ilé sùwé kan lórí òmíràn, láti orí koríko títí dé ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ẸSẸ̀ KAN NI KÍ Ẹ LÒ. Mo gbá ìró mi mọ́ra, mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, èmi tí mo ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo fò bọ́ sínú ilé àkọ́kọ́. Ilé náà bi mí léèrè pé, "Mẹ́fà lọ́nà méje?"

Mo la ẹnu. Nǹkan kan kò jáde. Èmi tísà! Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo ń mì, ìdáhùn náà sì ti fò lórí mi bí ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ní kí Fẹ̀hìntọ́lá dìde ka ìsodipúpọ̀ mẹ́fà ní táàmù yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dé méjìdínlógún tó kú síbẹ̀. Ó bọ́ síwájú mi báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. "Mẹ́fà," ó fò. "Méjìlá," ó fò. "Méjìdínlógún. Mẹ́rìnlélógún. Ọgbọ̀n. Mẹ́rìndínlógójì. Méjìlélógójì!" Ilé sùwé náà ní, "Ẹ máa gòkè."

"Ta ló kọ́ ọ?" mo bi í. Mo ń mí hẹlẹ.

"Ẹsẹ̀ mi ni, mà. Tí mo bá ń ta sùwé nílé, tí mo bá ti fo mẹ́fà ni mo máa ń sinmi, mà. Mo kàn máa ń kà á lọ ni."

"Kí ló dé tí o kì í sọ ọ́ ní kíláàsì?"

"Ẹ máa ń ní ká dúró jẹ́ẹ́, mà."

A gòkè lọ.

Ọ̀gá Alábẹ̀wò ilé ìwé ló wà nínú ọ́fíìsì náà, Ajéwọlé ni orúkọ rẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó sì ń fi òǹtẹ̀ lu gbogbo ohun tó bá ti sún mọ́ ọn. Ó lu ìwé, ó lu ife tíì rẹ̀, ó lu ejìká àwọn akọ̀wé méjì tó dúró tì í. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, ó lu èmi náà níwájú orí. Mo dúpẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyáàfin Olúgbòdé. Ìwé wo lẹ mú wá?"

"Kì í ṣe ìwé, sà. Ọwọ́ ọmọ yìí la wá gbà."

Ó fi bírò nàka sókè. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ẹ wá wò ó níjọ́ náà: orí pẹpẹ gan-an ni ọwọ́ ọmọdé méjì jókòó sí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

"Wọn ò jẹ́ ká ṣiṣẹ́ látàárọ̀," ni akọ̀wé kan wí. "Àga mi tó ti kán láti ọdún mẹ́ta, wọ́n ti bá mi kàn án. Ta ló rán wọn?"

Ọ̀gá Ajéwọlé ṣí fáìlì kan. "Máàkì wọn kò tó. Méjì nínú mẹ́wàá ni wọ́n gbà. Òfin ni pé ọwọ́ tí kò bá gba márùn-ún, orí pẹpẹ ni yóò wà. Ta ló fún wọn ní méjì?"

Fẹ̀hìntọ́lá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò fẹ́ dárúkọ mi. Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

"Àwọn ọgbọ̀n ìgbálẹ̀ yòókù, sà. Wọ́n gún ju tirẹ̀ lọ."

Ó pe àwọn ìgbálẹ̀ náà síwájú, ó ní, "Ta ló ṣe yín?"

Ọgbọ̀n ohùn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìyá Arìnọ̀lá ni, sà! Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, sà!"

Ọ̀gá Ajéwọlé yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ló gba mẹ́sàn-án nígbà ọgbọ̀n? Ọlọ́pọlọ pípé nìyẹn! Kí ló ń ṣe lọ́jà? Ẹ gbé e lọ sí kíláàsì karùn-ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Arìnọ̀lá wọlé. Ó wọ aṣọ ilé ìwé wa, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. "Ẹ ṣé gan-an, sà," ó ní. "Mo ti sọ fún wọn nílé pé ọdún yìí ni n ó yege." Ó jókòó sílẹ̀, ó yọ ẹ̀pà nínú báàgì, ó ń jẹ.

"Àwọn ọgbọ̀n ọmọ tó ni ìgbálẹ̀ wọ̀nyẹn ńkọ́, sà?" mo béèrè.

"Kí ni wọ́n ṣe?"

Mo rò ó títí. "Wọ́n gbé e wá sílé ìwé, sà."

"A kì í fún alábàárù ní máàkì," ó ní. Ó wá kọjú sí ìgbálẹ̀ tó wọ́. "Ìwọ náà ńkọ́? Ta ló ṣe ọ́?"

Ìgbálẹ̀ náà wúkọ́, eruku jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Fẹ̀hìntọ́lá àti ìyá àgbà rẹ̀ ló lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́yìn odò, lọ́jọ́ Sátidé. Ó fi ọ̀bẹ ha ewé kúrò lára mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ẹyọ kẹsàn-án, ọ̀bẹ gé e ní àtàńpàkò. Ó fi ẹnu fà á, ó ń ha á lọ. Ó sá mi sóòrùn. Ó dì mí, mo tú. Ó tún mi dì, mo tún tú. Màmá ní kí òun bá a dì mí kó lè gún. Ó ní rárá, pé tísà ní ọwọ́ ara àwọn ni kí àwọn fi ṣe é."

Ìyá Arìnọ̀lá kò jẹ ẹ̀pà mọ́. Ìtìjú mú mi, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, òfuurufú la wà.

"Kò burú," ni Ọ̀gá Ajéwọlé wí. "Tísà ni yóò fi èyí tó gún hàn wá. Ẹ ṣe é ká rí i." Ó na imọ̀ ọ̀pẹ tútù kan sí mi pẹ̀lú ọ̀bẹ.

Mo gbà á. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì.

"Ìdí mi lẹ ń wò yẹn, mà," ni imọ̀ ọ̀pẹ náà wí jẹ́jẹ́. "Orí mi ló wà lọ́wọ́ òsì yín."

Ẹ̀yin òbí, ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fún ìgbálẹ̀ ní máàkì. N kò ṣe ẹyọ kan rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lókè níbẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún yín báyìí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?" mo bi Ọ̀gá Ajéwọlé. "Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Èmi?" ó ní. "Èmi ń ṣe àbẹ̀wò ni."

Nísàlẹ̀, agogo ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀fun, bó ṣe máa ń ṣe kó tó dún. Akọ̀wé kejì mú gọ́ọ̀mù jáde, ó fa káàdì Fẹ̀hìntọ́lá sọ́dọ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo wo ọrùn ọwọ́ ọmọ náà, mo rò ó bí yóò ṣe máa jẹun, bí yóò ṣe máa dirun. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Èmi ni mo sọ pé kí ọmọ má ṣípá.

"Tísà," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí, "ẹ jẹ́ ká ṣe ẹkùn-mẹ́ran."

"Ìsinsìnyí?"

"Tí ẹkùn bá mú ẹran, ẹran gbọ́dọ̀ fún un ní ohun tó bá béèrè, mà. Bá a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa nìyẹn."

Ọ̀gá Ajéwọlé ṣí ìwé òfin. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Kò sí ibi tí wọ́n ti ní ká má ṣe é," ó ní. "Ta ni ẹkùn?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ni ẹran?"

Akọ̀wé kìíní yọjú wo ìwé òfin náà. "Wọ́n ní ẹni tí ipò rẹ̀ bá ga jù nínú ilé ni, sà."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá Ajéwọlé wí, ó sì di ewúrẹ́. Ewúrẹ́ aláwọ̀ pupa ni, táì wà lọ́rùn rẹ̀, awò sì wà lójú rẹ̀. Àwọn akọ̀wé méjèèjì di ọmọ ewúrẹ́ láti bọ̀wọ̀ fún un. Mo tún kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Mẹ́ẹ̀ẹ̀," ó ní. "Agbo dà? N kò ní ṣe ẹran nínú agbo tí kò pé."

Ẹ mọ̀ bí eré náà ṣe rí. Ẹran wà láàárín, ẹkùn wà lóde, àwọn tó di ara wọn lọ́wọ́ mú ni ọgbà. Ọgbọ̀n ọmọ kíláàsì mi ti fi ẹsẹ̀ kan fò gòkè wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ṣì lẹ̀ mọ́ àyà. Ọ̀kan rí ewúrẹ́ tó wọ awò, ó bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ọwọ́ rẹ̀ tú, pọ́! Èkejì rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ náà tú. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ yíká, pọ́, pọ́, pọ́, títí gbogbo wọn fi di ara wọn mú. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé èmi náà ti ká ọwọ́, n kò mọ ìgbà tí mo ká a. Mo fà á, kò tú. Ìyá Arìnọ̀lá fi ìka gún mi níhà, mo pariwo, mo rẹ́rìn-ín, ó tú.

Síbẹ̀ agbo kò pé. Àyè ẹnì kan ṣì wà láàárín èmi àti Ìyá Arìnọ̀lá. Àwọn ọwọ́ orí pẹpẹ rí i, wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan di Ìyá Arìnọ̀lá mú, èkejì di èmi mú. Ọwọ́ kékeré náà le, ó sì gbóná. Ó dì mí mú dáadáa, bí ẹni tí kò bá mi ní gbólóhùn asọ̀ rí. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ sunkún.

Fẹ̀hìntọ́lá yí agbo po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbìyànjú níbí, kò rí ọ̀nà. Ó gbìyànjú lọ́hùn-ún, kò rí ọ̀nà. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì tì wá. Ó kàn ní, "Ọwọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Àwọn ọwọ́ náà yíjú wò mí. Ẹ má bi mí bí ọwọ́ ṣe ń yíjú. Wọ́n ń gba àyè lọ́wọ́ mi ni.

"Ó yá," mo ní. "Ẹ máa bá ẹni tó ni yín lọ."

Wọ́n fi mí sílẹ̀, ọmọ náà wọ inú agbo, nígbà tí mo sì fi máa wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Ó fi méjèèjì di táì ewúrẹ́ náà mú.

"O mú mi," ni ewúrẹ́ náà wí. "Kí lo fẹ́?"

Mo rò pé yóò ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

"Ọwọ́ mi ni mo fẹ́, sà," ó ní. "Mo sì ti rí i."

"Ọ̀rọ̀ tán nígbà náà," ni Ọ̀gá Ajéwọlé wí. Ó fa ìwé máàkì mi láti inú fáìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti etí kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wà lákòókò ìsinmi ọ̀sán. Ó jẹ gbogbo mẹ́sàn-án mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí méjì, ó dúró, ó ní, "Èyí korò," ó sì gbé e mì. Agogo dún. Mo jí.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí káàdì, bírò ti ya ìlà sí i láti etí dé àgbọ̀n. Kò sí ọ̀gá, kò sí akọ̀wé. Ewúrẹ́ kan ló ti orí bọ ojú fèrèsé, èyí pupa tó máa ń jẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì wa, ó sì ń jẹ ìwé tí mo kọ máàkì iṣẹ́ ọwọ́ sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó ku etí ìwé díẹ̀. Mo ń wò ó, n kò bínú. Nígbà náà ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́ líle méjì láti ẹnu ọ̀nà, pà! pà! Ewúrẹ́ náà sá lọ.

Fẹ̀hìntọ́lá ni. Ó ń dúró de ìyá àgbà rẹ̀ kí wọ́n jọ lọ sílé. "Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ẹ ti sùn ni." Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló dá ọwọ́ padà sẹ́yìn.

Mo ní, "Mú ọwọ́ rẹ wá kí n rí i."

Kò mú un wá.

"N ò ní nà ọ́."

Ó mú wọn wá. Àpá ọ̀bẹ wà lórí àtàńpàkò òsì, ó ti ń jinná. Àwọn àpá wẹ́wẹ́ mìíràn wà lórí ìka. Mo ti gbé ìgbálẹ̀ ọmọ yìí sókè fún gbogbo ayé rí, n kò wo ọwọ́ tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kúrò lórí àga, mo lóṣòó síwájú rẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní, "Fẹ̀hìntọ́lá, mo ṣẹ̀ ọ́. Nínú gbogbo kíláàsì, ìwọ nìkan lo ṣe iṣẹ́ tí mo ní kí ẹ ṣe, mo sì fi ọ́ ṣẹ̀sín. Má bínú." Ẹ̀yin mọ bó ṣe máa ń ṣòro lẹ́nu tísà. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mo lè tún máàkì náà kọ, mo mọ̀ ọ́n lórí. N kò kọ ọ́. Mo sọ fún un pé ní táàmù tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ra ìgbálẹ̀ mọ́. A ó jókòó sábẹ́ igi, gbogbo wa, a ó ṣe é, a ó máa ka ẹyọ rẹ̀ ní mẹ́fà mẹ́fà, n ó sì tú gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi sílẹ̀ ká fi wọ́n kọ́ ìṣirò. Mo ní èmi náà yóò ṣe ìgbálẹ̀ tèmi.

Ó wò mí. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, mà?"

"N ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó ronú sí i díẹ̀. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì jáde, ó fi bí wọ́n ṣe ń di ìdí rẹ̀ hàn mí.

"Ó máa kọ́kọ́ wọ́, mà," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín."